Bí Ọnọrébù bá ní ìjọba ti ṣòfin tuntun, ẹ bi í ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀

Iṣẹ́ mi ni kíkọ àlàyé tí aṣojú-ṣòfin máa ń ṣe fún àwọn ará ẹkùn ìdìbò rẹ̀ nígbà tó bá ti Àbújá dé. Òun ló ń di makirofóònù mú; èmi ló ń wá ìwé òfin, èmi ló ń ṣírò iye, èmi náà ló sì ń jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn láti kọ ìbéèrè àwọn èèyàn sílẹ̀. Ohun tó ń ká mi lára jù níbẹ̀ ni pé àtẹ́wọ́ máa ń pọ̀, ìbéèrè kì í tó nǹkan. Ọnọrébù á ní ìjọba àpapọ̀ ti ṣe báyìí-báyìí fún mẹ́kúnnù, onílù á lùlù, àwọn obìnrin ọjà á dìde jó. Tí ìpàdé bá tú, ẹ dúró lẹ́nu géètì kẹ́ ẹ bi ẹni márùn-ún pé ìgbà wo ni ohun tí wọ́n gbọ́ yóò bẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ ó gbọ́ lẹ́nu wọn.

Lọ́pọ̀ ìgbà, Ọnọrébù kò parọ́. Ó kàn fo ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé ni. Àbádòfin máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà kó tó di òfin. Wọ́n á kà á nígbà àkọ́kọ́ nílé ìgbìmọ̀ kan, wọ́n á jiyàn lé e lórí nígbà kejì, wọ́n á gbé e fún ìgbìmọ̀ kékeré tí yóò pe aráàlú wá sọ èrò wọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n á kà á nígbà kẹta. Ilé kejì náà á tún gbé e yẹ̀ wò kí àwọn méjèèjì tó fẹnu kò. Ìgbà náà ló máa tó dé iwájú Ààrẹ, òfin orílẹ̀-èdè sì fún Ààrẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti buwọ́ lù ú tàbí kó ní òun ò gbà. Bí kò bá gbà, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin nílé kọ̀ọ̀kan lè sọ ọ́ dòfin láìsí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Bí ó bá sì ti buwọ́ lù ú tán, òfin náà lè ní ọjọ́ tirẹ̀ tí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní gbogbo ibi tí mo kà sílẹ̀ yìí, olóṣèlú lè dìde kó ní “a ti ṣe é.” Ìpinnu ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà pàápàá, tí kì í ṣe òfin rárá, wọ́n máa ń kéde rẹ̀ bíi pé ó ti parí.

Ẹ jẹ́ kí n fi òfin owó-orí tuntun ṣe àpẹẹrẹ, torí òun làwọn èèyàn ń bi mí léèrè jù. Oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni Ààrẹ Tinubu fi àbádòfin mẹ́rin lórí owó-orí ránṣẹ́ sí àwọn aṣòfin. Ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025 ló buwọ́ lù wọ́n. Òfin owó-orí náà fúnra rẹ̀ kò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Ẹ wo iye oṣù tó wà láàárín. Láàárín àkókò yẹn, gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ lórí rédíò ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bíi pé àná ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á.

VAT, ìyẹn owó-orí tí wọ́n ń fi kún iye ọjà, ló dàrú jù lójú aráàlú. Nínú àbádòfin tó kọ́kọ́ dé, wọ́n fẹ́ gbé VAT kúrò ní ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sí 10, lẹ́yìn náà 12.5, títí yóò fi di 15 ní ọdún 2030. Ariwo ta. Àwọn gómìnà jókòó lé e lórí ní oṣù kìíní ọdún 2025, wọ́n ní kó dúró sí 7.5 tó wà tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì dúró sí nínú òfin tí Ààrẹ buwọ́ lù. Síbẹ̀, títí di ìsinsìnyí, ẹ ó rí ọlọ́jà tí yóò sọ fún oníbàárà pé òfin tuntun ló jẹ́ kí òun fowó lé ọjà torí ìjọba ti fi kún VAT. Àbádòfin tó ti kú ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti dìde bi aṣojú rẹ̀ ní gbọ̀ngàn pé “ṣé ohun tí ẹ kọ́kọ́ kọ náà lẹ buwọ́ lù?”, ọ̀rọ̀ yẹn ò ní rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Ọnọrébù bá wá ní “a ti dín owó-orí òṣìṣẹ́ kù,” ẹ ní kó ṣírò rẹ̀ fún yín. Mo máa ń fi tíṣà ilé-ìwé aládàáni kan tó ń gba ₦150,000 lóṣù ṣe é. ₦1,800,000 nìyẹn lọ́dún. Ẹ jẹ́ ká ní wọn kì í yọ owó ìfẹ̀yìntì nínú rẹ̀, ó sì ń san ₦300,000 fún ilé tó ń gbé. Òfin tuntun ní kó yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé rẹ̀ sọ́tọ̀, kó má sáà ju ₦500,000 lọ; ti tíṣà wa yìí jẹ́ ₦60,000. Ó ku ₦1,740,000. ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ kò ní owó-orí rárá. ₦940,000 tó ṣẹ́ kù ni wọ́n á gba ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí rẹ̀, ìyẹn ₦141,000 lọ́dún. Tó bá jẹ́ òfin àtijọ́ ni, ₦155,600 ni ì bá san. Èrè tíṣà náà jẹ́ ₦14,600 lọ́dún, ìyẹn ₦1,200 àti díẹ̀ lóṣù. Owó ni, mi ò ní bú u. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń fi ìlù àti ijó kéde ìdínkù, ó yẹ kí tíṣà náà mọ̀ pé ₦1,200 ni wọ́n ń jó sí, kó sì mọ̀ pé kí òun tó lè rí gbogbo rẹ̀ gbà, òun gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí owó ilé lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí lánlọ́ọ̀dù yín kì í fún ní rìsíìtì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé owó oṣù tó kéré jù lọ ló ń gbà kò ní san owó-orí yìí rárá, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ti rí kí òfin tuntun tó dé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tà á fún un lẹ́ẹ̀mejì.

Ìbéèrè kan wà tí wọn kì í bi Ọnọrébù lójú, tí wọ́n máa ń dúró dè mí bi lẹ́yìn ìpàdé: “Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n á máa yọ owó nínú àkáǹtì wa?” Rárá o. Orí ohun tí èèyàn jèrè ni owó-orí wà. Kò sí lórí owó tí ọmọ yín fi ránṣẹ́ láti Èkó tàbí àjọ tí ẹ kó. Ohun tí ẹ lè rí nínú àkáǹtì ni ₦50 tí wọ́n ń yọ bí wọ́n bá fi ₦10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ránṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó gba owó ni wọ́n ń yọ ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2026, ó di ti ẹni tó fi ránṣẹ́. Ó kéré, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta ọjà lórí fóònù yóò tètè rí ìyàtọ̀ rẹ̀.

Owó-yíyá akẹ́kọ̀ọ́ náà fi hàn bí òfin ṣe lè yí padà kí aráàlú tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ tán. Oṣù kẹfà ọdún 2023 ni wọ́n buwọ́ lu ti àkọ́kọ́. Ó ní owó tó ń wọlé fún ìdílé ọmọ náà kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ lọ́dún, ó sì ní kó wá onídùúró. Ta ló fẹ́ ṣe onídùúró fún ọmọ aláìní? Kò pé ọdún kan tí wọ́n fi pa òfin náà rẹ́. Ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024 ni òmíràn dé, kò ní ààlà owó ìdílé mọ́, kò sì béèrè onídùúró. Síbẹ̀, mo ṣì ń pàdé òbí tó ní ọmọ òun ò lè gbà á torí àwọn ò mọ ẹni ńlá kankan. Inú máa ń bí mi, torí irú òbí yẹn gan-an ni wọ́n torí rẹ̀ yí i padà.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ẹ̀bùn ni. Owó yíyá ni. Kò ní èlé, wọ́n á san owó ilé-ìwé lọ sí àkáǹtì ilé-ìwé ìjọba tí ọmọ náà wà, ọmọ á sì máa gba owó ìjẹun tirẹ̀ bó bá béèrè fún un. Bó bá parí àgùnbánirọ̀ tó sì pé ọdún méjì, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n á máa yọ títí yóò fi san án tán. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ń forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi ìkànnì NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó yíyá náà. Ọnọrébù kò ní ìwé orúkọ kankan lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mú owó wá kí òun lè fi orúkọ ọmọ yín sí i, gbájúẹ̀ ni.

Ti owó oṣù tó kéré jù lọ yá. Ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 2024 ni ₦70,000 di òfin, wọ́n sì ní kí wọ́n máa tún un yẹ̀ wò ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta dípò márùn-ún. Èkó san ju bẹ́ẹ̀ lọ, ₦85,000; Ògùn ₦77,000. Ohun tí wọn kì í sọ lórí pèpéle ni pé òfin náà kò kan ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ọmọbìnrin tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n jẹ́ mẹ́ta níbẹ̀ pàtẹ́wọ́ títí, òfin náà ò sì mọ̀ ọ́n.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló ṣe òfin owó-orí tí mo fi tíṣà ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń gbà á lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Bí wọ́n bá yọ owó tó pọ̀ jù nínú owó oṣù yín, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ owó-orí ìpínlẹ̀ lẹ ó lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ sẹ́nétọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjà àti ti gáréèjì, ti kánsù ni. Mo ti rí ìpàdé tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ọjà ni wọ́n fi gbogbo ọ̀sán bú aṣojú-ṣòfin, ó kàn ń wò wọ́n, káńsílọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an jókòó sí iwájú tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra. Kò sẹ́ni tó yíjú sí i. Aṣojú tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yẹ kó nawọ́ sí i kó ní “ẹ bi ẹni yìí,” ṣùgbọ́n ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n, kò ní ṣe é. Ẹ̀yin lẹ máa ṣe é.

Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ náà ní tirẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn alága fò sókè. Ọdún yẹn parí, òmíràn wọlé, wọ́n ṣì ń fa bí owó náà yóò ṣe máa dé àkáǹtì. Ẹni tó bá sọ fún yín ní gbọ̀ngàn pé “kánsù yín ti gba òmìnira,” ẹ bi í pé oṣù wo ni owó tààrà ti wọlé, èló ni, kí ni wọ́n sì fi ṣe.

Nípa bí ẹ ó ṣe béèrè: ẹ kọ ìbéèrè yín sínú ìwé kẹ́ ẹ tó wá, ẹyọ kan ṣoṣo. Ìbéèrè mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà ni olóṣèlú fẹ́ràn jù, torí èyí tó rọrùn ni yóò dáhùn. Ẹ dárúkọ òfin náà, ẹ béèrè ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọ́fíìsì tó ń ṣe é. Bó bá ní “a máa wádìí rẹ̀,” ẹ bọ̀wọ̀ fún un, ẹ ní “ẹ ṣé sà, ta la máa rí ní ọ́fíìsì yín, lọ́jọ́ wo?” Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé ẹgbẹ́ yín kọ orúkọ àti ọjọ́ yẹn sílẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn. Bí ọjọ́ náà bá pé, kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta mú ìwé yẹn lọ sí ọ́fíìsì ẹkùn ìdìbò, kí wọ́n béèrè ẹ̀dà òfin náà. Irú èmi ni wọ́n máa bá níbẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n sì ń sanwó fún mi ṣe nìyẹn.