Ìtúpalẹ̀ ìwé: kí ni olùkọ́ ń béèrè gan-an?

Bí olùkọ́ bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìtúpalẹ̀ ìwé kan, ìtàn inú ìwé náà ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń kọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin: ẹni tó kú, ẹni tó ṣègbéyàwó, ẹni tó sá kúrò nílé. Ìsọníṣókí nìyẹn. Ó wúlò, torí ẹni tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kò lè sọ ìdí tó fi ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìtúpalẹ̀, òǹkàwé gbọ́dọ̀ sọ ohun tó rí nínú ìwé, kó tọ́ka sí ọ̀rọ̀ tó fi rí i, kó sì ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe gbé e dé ibi tó dé.

Ẹ wo àyọkà kékeré tí mo kọ yìí:

“Ìyá náà ní inú òun dùn pé ọmọ òun ti ríṣẹ́ lọ sílùú mìíràn. Ó ká aṣọ tí ọmọ náà fi sílẹ̀, ó tú u, ó tún un ká. Nígbà tílẹ̀ ṣú, abọ́ méjì ló gbé kalẹ̀.”

Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè sọ pé àárò ọmọ ń sọ ìyá yìí. Kò síbi tí wọ́n ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí olùkọ́ bi í pé: “Kí lo rí tó o fi sọ bẹ́ẹ̀?” Yóò ní abọ́ méjì ni. Òmíràn lè ní bó ṣe mọ́ ọn lára ni, pé ó kàn gbàgbé ni. Abọ́ méjì gba èrò méjèèjì láyè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n padà sídìí aṣọ: ṣé ìgbàgbé ló ń mú èèyàn ká aṣọ, kó tú u, kó tún un ká? Àríyànjiyàn yìí gan-an ni ìtúpalẹ̀. Ẹni tó bá sì ní ìyá náà ń bínú sí ọmọ rẹ̀ kò ní rí ọ̀rọ̀ kan tọ́ka sí. Èrò lè ju ẹyọ kan lọ, àmọ́ kì í ṣe gbogbo èrò ni ìwé máa ń gbè lẹ́sẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kò rọrùn fún àgbà pàápàá. Ní àwọn ọdún 1920, I. A. Richards, olùkọ́ ní Yunifásítì Cambridge, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ewì tí kò kọ orúkọ akéwì sí, ó ní kí wọ́n kọ èrò wọn sílẹ̀. Nínú àbájáde tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1929, ọ̀pọ̀ wọn ṣi ìtumọ̀ tó hàn gbangba gbọ́. Àwọn mìíràn gbé èrò tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀ ka orí ewì.

Àwọn orúkọ tí a fi ń ṣe ìtúpalẹ̀, bí ẹ̀dá ìtàn (àwọn tó wà nínú ìtàn), ibùdó ìtàn (ibi tó ti ṣẹlẹ̀), àhunpọ̀ ìtàn (bí ìṣẹ̀lẹ̀ ṣe so mọ́ra) àti asọ̀tàn (ẹni tó ń sọ ìtàn), wúlò, ṣùgbọ́n lójú tèmi, wọn kò yẹ kó ṣáájú. Bí a bá kọ́kọ́ kó wọn fún ọmọ, ńṣe ni yóò máa wá ohun tí yóò fi sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ rí nǹkan, kí ẹ wá fún un ní orúkọ ohun tó rí.

Ojú ìwé kan ṣoṣo tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n fa ìlà sábẹ́ ohun tó yà wọ́n lẹ́nu, kí wọ́n sì kọ ìpínrọ̀ kan: èrò wọn, ọ̀rọ̀ inú ìwé, àti àlàyé tó so méjèèjì pọ̀. Àlàyé yìí ni wọ́n sábà máa ń fò. Òun ni kí ẹ máa kọ́kọ́ wò tí ẹ bá ń máàkì.