Àmì Ìdánwò Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀pá Ìbọn Ẹlẹ́nu Méjì

Bí ìbọn ẹlẹ́nu méjì àtijọ́ kan bá tẹ ẹni tó ń kó irú wọn jọ lọ́wọ́, tó sì ń tún wọn ṣe láti fi ṣọdẹ àparò àti àwọn ẹyẹ mìíràn tó ń fò dìde láti inú koríko, ojú rẹ̀ a kọ́kọ́ lọ sí ọnà tí wọ́n fín sára irin àti sí bí igi ìdí rẹ̀ ṣe ń dán. N kò bá a wí, nítorí ẹwà yẹn ló fa ọ̀pọ̀ wa sídìí iṣẹ́ yìí. Síbẹ̀, abẹ́ ọ̀pá ni ọ̀rọ̀ wà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí i dájú pé kò sí ọta nínú ìbọn náà, ẹ yọ igi kékeré tí ọwọ́ òsì ń dì mú, ẹ ká ìbọn náà ní oríkèé rẹ̀, ẹ gbé ọ̀pá méjèèjì kúrò, kí ẹ sì yí abẹ́ wọn sókè. Lórí irin pẹlẹbẹ tó wà nítòsí ibi tí ọta ń gbà wọlé, ẹ óò rí adé kéékèèké, lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n fi òòlù lù wọ inú irin. Àwọn ni à ń pè ní àmì ìdánwò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìdánwò náà ní proof.

Ìdánwò ọ̀hún kò ní awo nínú. Wọ́n á ki ọta tó lágbára ju èyí tí ọdẹ máa ń lò lọ sínú ìbọn, wọ́n á yìn ín, wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀pá wú, bóyá ó sán, tàbí bóyá oríkèé rẹ̀ tú. Bí kò bá sí àbùkù, wọ́n á lu àmì sí i. Ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn ìlú London gba ìwé àṣẹ ọba ní 1637, òfin sì fún Birmingham ní ilé ìdánwò tirẹ̀ ní 1813. Bẹljíọ̀mù, Faransé, Jámánì àti Sípéènì náà ní tiwọn. Ìjọba Amẹ́ríkà kò dá irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kálukú àwọn tó ń rọ ìbọn ló ń dán tirẹ̀ wò, nítorí náà ẹni tó ra Parker tàbí L.C. Smith, ìbọn àtijọ́ tí wọ́n rọ ní Amẹ́ríkà, kò ní rí adé kankan kà. Ohun èlò ìwọ̀n ni yóò gbára lé.

Nọ́ńbà tó máa ń da ènìyàn láàmú jù ni ti ihò ọ̀pá. Bí a bá pín òjé ìwọ̀n pọ́ùn kan dọ́gba sí ọ̀nà 12, tí a sì mọ ìdá kọ̀ọ̀kan ní bọ́ọ̀lù róbótó, ihò tí bọ́ọ̀lù kan bẹ́ẹ̀ bá gbà wẹ́kú ni ihò 12, tó jẹ́ 0.729 íǹṣì. Ìdí nìyí tí ihò 20 fi kéré sí ihò 12. Lára ìbọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n dán wò láàárín 1887 sí 1954, ẹ lè rí 13/1, tó túmọ̀ sí 0.719 íǹṣì, tàbí 12/1, tó túmọ̀ sí 0.740. Ẹni tó bá ka àwọn wọ̀nyí sí ìdá bíi ti ìṣirò á kàn fi orí ara rẹ̀ ṣòfò. Ìbọn tó ń jẹ ọta 12 lè ní 13/1 lára láìsí pé ohunkóhun ṣe é.

Àmì yìí jẹ́rìí sí ọ̀pá bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n dán an wò. Ká ní 13/1 ni ẹ kà lábẹ́ ọ̀pá kan, tí inú rẹ̀ sì ń dán bíi dígí. Ẹ ti ohun èlò ìwọ̀n bọ inú rẹ̀ dé íǹṣì 9 láti ibi tí ọta ń gbà wọlé: bí ó bá ka 0.729, ẹnì kan ti ha inú rẹ̀ láti fi mú ojú ìdógùn-ún kúrò, ó sì ti ha á ju bó ṣe yẹ. Bí ihò bá ti fi 0.010 íǹṣì tóbi ju àmì rẹ̀ lọ, ìdánwò náà ti bàjẹ́, títa irú ìbọn bẹ́ẹ̀ sì lòdì sí òfin ní Gẹ̀ẹ́sì. Dídán tó fa ojú ẹni mọ́ra yẹn gan-an ni ẹ̀sùn.

Kódà bí ihò bá pé, ẹ wọn bí ara ọ̀pá ṣe nípọn tó, nítorí wọ́n lè ti ha á láti ìta. Púpọ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn kì í fẹ́ kí ibi tó tín-ín-rín jù dín sí 0.020 íǹṣì, nǹkan bí ìdajì mìlímítà.

Gígùn ilé ọta, ìyẹn ibi tí ọta ń jókòó sí nínú ọ̀pá, tún wà níbẹ̀. Ilé ọta íǹṣì 2½, tí wọ́n ń pè ní mìlímítà 65, ni ọ̀pọ̀ ìbọn àtijọ́ ní, mìlímítà 70 sì ni ọ̀pọ̀ ọta òde òní. Ẹ̀tàn tó wà níbẹ̀ ni pé ọta gígùn yóò wọlé wẹ́rẹ́, torí pé a ti ká ẹnu páálí rẹ̀ pọ̀. Ìgbà tí a bá yìn ín ni ẹnu náà ń là, tó sì ń na wọ ibi tí ọ̀pá ti fún, tí agbára inú ọ̀pá á fi ròkè.

Ẹ̀tù dúdú ni wọ́n fi dán àwọn tó pẹ́ jù lọ wò, ọta òde òní kò sì yẹ wọ́n. Àmì NP ló ń fi hàn pé wọ́n ti fi ẹ̀tù aláìléèéfín dán ọ̀pá wò. Àwọn ọ̀pá Damascus kan, tí wọ́n fi irin onírúurú lọ́ pọ̀ rọ, ní àmì yìí, nítorí náà ọnà ara ọ̀pá nìkan kò tó fi dá ẹjọ́.

Ọ̀pá tó bá ti tín-ín-rín jù ṣì ní ọ̀nà kan: wọ́n lè gé e ní íǹṣì díẹ̀ síwájú ilé ọta, kí wọ́n ki ọ̀pá tuntun bọ inú èyí tó kù, kí wọ́n tún un dán wò, kí wọ́n sì lu SLEEVED sí i. Owó rẹ̀ á já wálẹ̀ lójú àwọn tó ń kó ìbọn jọ. Èmi á ra irú rẹ̀ fún oko ọdẹ láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì.