Onídùúró ni, kì í ṣe onígbọ̀wọ́: kí ni wọ́n ń pè ní COS (Certificate of Sponsorship) gan-an?

Lọ́jọ́ tí físà iṣẹ́ mi jáde lọ́dún 2021, ìyá mi ní kí n bá òun kí onígbọ̀wọ́ mi ní Ìlú Ọba, ìyẹn ọ̀gá tó gbà mí síṣẹ́ lọ́hùn-ún. "Sọ fún un pé gbogbo owó tó ná lé ọ lórí, Olúwa yóò dá a padà fún un ní ìlọ́po méje." Mo ṣe àmín, torí a kì í bá àdúrà jiyàn, àmọ́ mò ń bi ara mi léèrè pé owó wo? Èmi ni mo san owó físà. Èmi ni mo san owó ìlera tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ kéèyàn tó wọ̀lú, 624 pọ́n-ùn fún ọdún kan nígbà náà. Mo san ti ọdún mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, ó jẹ́ 1,872. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ó ti di 1,035 lọ́dún, torí náà ẹ jẹ́ n dákẹ́ lórí tèmi. Èmi náà ni mo ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá tí màmá ń ṣàdúrà fún, a ò tíì ríra lójúkojú, orí fídíò la ti sọ̀rọ̀, kọ́bọ̀ rẹ̀ kò sì wọ àpò mi títí mo fi ṣiṣẹ́ oṣù àkọ́kọ́.

N kò bá màmá wí. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ni mo ń bá jà. Láti ìgbà tí màmá ti ń gbọ́ rédíò, ẹni tó kówó sílẹ̀ kí ètò lè wáyé ni "onígbọ̀wọ́ ètò": oníléeṣẹ́ ọṣẹ, alágbo jẹ̀díjẹ̀dí, olóṣèlú tó ń wá ìbò. Nígbà tí sponsor ti físà wá dé, ìyẹn agbanisíṣẹ́ tó ń dúró fún àlejò níwájú ìjọba, wọn ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Sponsor ti rédíò, sponsor ti físà, ṣebí Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni? Wọ́n bá gbé onígbọ̀wọ́ lé e lórí. Ọmọ tó ń wáṣẹ́ ní Òṣogbo gbọ́ pé iléeṣẹ́ kan fẹ́ ṣe ìgbọ̀wọ́ òun, ó rò pé wọ́n fẹ́ gbé òun wọ bàálù. Àwọn ará ilé gbọ́ pé ọmọ wọn rí onígbọ̀wọ́, wọ́n ti ń pín owó oṣù rẹ̀ kó tó gbà á, torí lójú tiwọn kò ná nǹkan kan kó tó lọ.

Ẹnì kan máa sọ pé mi ò gbọ́ Yorùbá tó, pé ìgbọ̀wọ́ táwọn àgbà mọ̀ ni kéèyàn dúró fún ajigbèsè níwájú olówó. Mo mọ̀. Ká ní ibẹ̀ lọ́rọ̀ náà ṣì wà, mi ò ní yọ ara mi lẹ́nu. Àmọ́ ó ti dà bí aṣọ tí wọ́n yá jáde láti inú àpótí: ẹni tó yá a ti gé e, ó ti fi rán bùbá. Ẹ lọ bi ọmọ ogún ọdún ní Bódìjà pé ta ni onígbọ̀wọ́. Kò ní dárúkọ ajigbèsè kankan fún yín, owó ló máa dárúkọ.

Àwọn orúkọ yòókù kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Arákùnrin kan ní Houston ń bá mi fà á pé "alátìlẹ́yìn" ni. Ti Amẹ́ríkà ló ń wò, níbi tí ẹni tó fẹ́ mú ìyàwó tàbí òbí rẹ̀ wọlé ti máa ń buwọ́ lùwé pé òun ní owó tóun á fi gbọ́ bùkátà wọn. Ọ̀rọ̀ ẹbí nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Kó máa lo alátìlẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún. Àwọn oníjọ ní tiwọn ti sọ ọ́ di "olùrànlọ́wọ́ àyànmọ́", wọ́n ń gbààwẹ̀ lé e lórí. Èyí tó wá ń bí mi nínú jù ni "kọ́ọ̀sì". Wọ́n gé Certificate of Sponsorship kúrú sí COS, wọ́n wá ń pe COS pọ̀ bí ẹni ń pe orúkọ èèyàn, ó bọ́ sí kọ́ọ̀sì. Àbúrò bàbá mi kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó gbọ́ pé ọmọ òun ti gba kọ́ọ̀sì, ó ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ náà tún fẹ́ lọ kàwé, ó sì ń bi í pé ọdún mélòó ni wọn yóò fi kọ́ ọ.

Onídùúró ni mo fara mọ́. Kì í ṣe èmi ni mo ṣẹ̀dá rẹ̀. Ẹni tó bá ń ka ìwé ìròyìn Yorùbá ti rí i nínú ìròyìn kóòtù láìmọye ìgbà: adájọ́ gba béèlì ọ̀gbẹ́ni náà pẹ̀lú onídùúró méjì. Kò sẹ́ni tó ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ tó rò pé onídùúró fẹ́ máa ra oúnjẹ fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Gbogbo wa mọ̀ pé ohun tó ń sọ ni pé, "Mo mọ ẹni yìí. Tẹ́ ẹ bá wá a tẹ́ ò rí i, ọwọ́ mi ni kẹ́ ẹ ti béèrè rẹ̀." Ohun tí agbanisíṣẹ́ ń sọ fún Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba Ìlú Ọba tó ń bójú tó físà, nìyẹn, kò lé, kò dín.

Ẹ fojú inú wo ìlú olódi kan láyé àtijọ́. Alágbẹ̀dẹ kan ti ọ̀nà jíjìn dé ẹnubodè, ẹwìrì rẹ̀ ń bẹ lórí, ọmọ owú ń bẹ lọ́wọ́. Oníbodè ò bi í bóyá ó mọ irin rọ. Ohun tó bi í ni pé, "Ilé ta lò ń lọ?" Bí alágbẹ̀dẹ bá ní òun kàn ń wá ibi tóun á ti jẹun ni, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Àmọ́ bó bá dárúkọ bàbá kan, tí oníbodè rán ọmọ sí bàbá náà, tí bàbá fèsì pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo ránṣẹ́ pè é. Irin ni yóò máa rọ nínú àgbẹ̀dẹ mi, iye tí màá máa fún un nìyí, ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ nìyí," ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá ò bá a ru ẹwìrì. Bàbá ò bá a san owó ibodè. Ẹnu lásán ló yá a. Ẹnu yẹn ló wá wúwo o. Bí alágbẹ̀dẹ bá pòórá, bàbá gbọ́dọ̀ lọ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ láàfin. Bó bá sì di pé bàbá ń fi irọ́ gbé àlejò wọlé, ààfin á ní àwọn ò gba ẹnu rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ náà, gbogbo àlejò inú agboolé rẹ̀, àti olóòótọ́ àti òpùrọ́, ní láti wá bàbá mìíràn, tàbí kí wọ́n di ẹrù wọn.

Ẹ wá pààrọ̀ orúkọ. Home Office ni oníbodè. Bàbá ni iléeṣẹ́ tó ti gba ìwé àṣẹ láti gba àlejò síṣẹ́. Orúkọ gbogbo wọn wà lórí ìkànnì ìjọba, ọ̀fẹ́ sì ni wíwò rẹ̀. Ẹni tó bá ń ta àkójọ náà fún yín, olè ni. Ẹnu tí bàbá yá àlejò ni COS, nítorí náà kì í ṣe ìwé rárá. Níbí ni "certificate" ti tan gbogbo wa jẹ, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tó ń pè é ní "ìwé ẹ̀rí ìgbọ̀wọ́" ti ṣe àṣìṣe mẹ́ta nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà Home Office ni, agbanisíṣẹ́ ló ń kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀: orúkọ rẹ, iṣẹ́ rẹ, owó oṣù rẹ, ọjọ́ tó o máa bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ nìkan ló kàn ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní nọ́ńbà onídùúró. Oṣù mẹ́ta lo ní láti fi béèrè físà. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà ti kú. Àwọn kan á fẹ́ kí n pín in sí oríṣi méjì, ti ẹni tó ṣì wà nílé àti ti ẹni tó ti wà lọ́hùn-ún. Ọ̀gá yín nìyẹn kàn, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.

Èèyàn kì í mọ bí ẹnu náà ti wúwo tó àfi tó bá débẹ̀. Tó o bá pa iṣẹ́ jẹ fún ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá léraléra láìgbàyè, dandan ni kí ọ̀gá fi tó Home Office létí. Tí iṣẹ́ bá bọ́, tàbí tí ìjọba gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́, wọ́n sábà máa ń gé físà rẹ kù sí 60 ọjọ́. Mo mọ nọ́ọ̀sì kan tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Kò jalè, kò pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí. Agbanisíṣẹ́ rẹ̀ ló lọ fi irọ́ gbé àwọn mìíràn wọlé. Ó rí bàbá mìíràn kí ọjọ́ tó pé, àmọ́ ìlú mìíràn ni, ọmọ rẹ̀ sì pààrọ̀ iléèwé lẹ́ẹ̀kejì láàárín ọdún kan.

Ibì kan wà tí àwọn tó fara mọ́ "onígbọ̀wọ́" ti rò pé ọwọ́ àwọn tẹ̀ mí. Nínú àkọsílẹ̀ COS, ọ̀gá lè fọwọ́ sí i pé tó bá di dandan, òun á gbọ́ bùkátà òṣìṣẹ́ náà fún oṣù àkọ́kọ́, ó kéré tán 1,270 pọ́n-ùn, kí òṣìṣẹ́ má baà máa wá irú iye bẹ́ẹ̀ fi sí báǹkì fún 28 ọjọ́. "Ṣé ẹ rí i? Owó ni!" Owó kọ́. Ẹ tún un kà: tó bá di dandan. Onídùúró inú kóòtù náà ń dárúkọ owó, kì í sì í kó o sílẹ̀ àfi tí ọ̀rọ̀ bá bàjẹ́. Mo mọ ẹni tó dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, tó lọ ń bi àwọn tó ń san owó oṣù pé 1,270 òun dà. Ìgbọ̀wọ́ ló rán an níṣẹ́ yẹn.

Ọ̀rẹ́ mi kan, tó gbọ́ ìtàn jù mí lọ, ní kí n yé fi onídùúró tan ara mi jẹ, pé ìwọ̀fà ni gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ náà ta mí. Mo rò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìwọ̀fà yá owó lọ́wọ́ olówó, ó ń sìn ín títí yóò fi san án, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni èlé. Èmi ò yá owó lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Tí mo bá rí iléeṣẹ́ mìíràn tó níwèé àṣẹ, tó fún mi ní nọ́ńbà tuntun, tí físà tuntun sì jáde, mo lè kí ọ̀gá pé ó dàbọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní àwọn ọ̀gá kan ń fi sínú àdéhùn pé tó o bá lọ kí ọdún báyìí-báyìí tó pé, wàá dá owó padà. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ẹ̀ mú mi. Síbẹ̀, àdéhùn ọ̀gá nìyẹn, kì í ṣe COS, n kò sì ní jẹ́ kí ìwà ọ̀gá kan sọ ọ̀rọ̀ lórúkọ fún mi.

Ṣùgbọ́n mo gbà fún un lórí àwọn kan. Ní oṣù kejì ọdún 2022 wọ́n fi iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó kún iṣẹ́ tí àlejò lè bá wọlé. Kò pẹ́ tí nọ́ńbà onídùúró fi dọjà. Owó tí agbanisíṣẹ́ ń san fún ìjọba lórí nọ́ńbà kan kò tó 200 pọ́n-ùn nígbà náà (oṣù kẹrin ọdún 2025 ló di 525), àwọn ajẹ́ǹtì sì ń tà á fáwọn ọmọ wa ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù náírà. Àwọn ọmọ náà ta ilẹ̀ bàbá wọn, wọ́n yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Láti ìparí ọdún 2024 òfin ti sọ gbangba pé ọ̀gá kò gbọ́dọ̀ gbé owó nọ́ńbà náà ka òṣìṣẹ́ lórí, àmọ́ ta ló ń ka òfin nínú yàrá ajẹ́ǹtì? Ọ̀pọ̀ dé ọ̀hún, wọn ò bá iṣẹ́ kankan. Olówó wọn ò tilẹ̀ ní oko tí wọ́n fẹ́ ro. Láti oṣù kẹta ọdún 2024 ẹni tó bá tìtorí iṣẹ́ náà béèrè físà kò lè mú aya tàbí ọmọ dání mọ́. Nígbà tó fi di ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn ọ̀hún mọ́ àwọn tó ń ti òkèèrè bọ̀ pátápátá. Ìwọ̀fà gba owó kó tó lọ sìn. Àwọn yìí sanwó kí wọ́n tó lọ sìn. Mo ti wá orúkọ rẹ̀ nínú Yorùbá títí, n kò rí i. Bóyá àwọn bàbá wa ò rírú rẹ̀ rí.

Màmá náà ti ń pè é ní onídùúró báyìí, mo fi ọ̀pọ̀ owó fóònù kọ́ ọ ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tún ń ṣàlàyé fún un pé ọdún márùn-ún ni èèyàn ń lò kó tó lè béèrè ìwé ìgbélùú tí kò ní nílò bàbá kankan, pé láti oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni ìjọba sì ti ń sọ pé àwọn fẹ́ sọ ọ́ di mẹ́wàá, pé títí dìgbà náà ẹnu ọ̀gá ni mo fi ń gbélùú. Màmá dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù.

Ó ní, "Láti 2021 tí ọkùnrin yẹn ti dúró, ẹ ò ṣe gbé àga fún un?"