Ogun wo ni Balógun Ìjọ ń jà?

Ẹni tó bá ti lọ síbi ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì l'Abẹ́òkúta á ti gbọ́ orúkọ oyè yìí. Akọ̀wé ìjọ á mú ìwé dání, á máa pè wọ́n síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan: Bàbá Ìjọ, Ìyá Ìjọ, Balógun, Ọ̀tún Balógun, Ìyálóde. Balógun á dìde, á ká agbádá lé èjìká, onílù á máa kì í títí táá fi dé ibi àpótí. Àìmọye ìgbà ni mo ti jókòó wò ó kí n tó bi ara mi léèrè pé ogun wo ni ṣọ́ọ̀ṣì ń jà tó fi ní balógun. Lóde òní, ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá tẹ́nu ni wọ́n sábà máa ń fi jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ogun ìbọn àti ẹ̀tù ló bí oyè náà.

Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì C.M.S., ẹgbẹ́ ajíhìnrere Ìjọ Áńgílíkà láti Lọ́ńdọ̀nù, Henry Townsend àti Àjàyí Crowther, wọ Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ 1846, ìlú náà kò tíì pé ogún ọdún lábẹ́ Olúmọ. Ṣódẹkẹ́ tó kó àwọn Ẹ̀gbá débẹ̀ ní 1830 ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lọ́dún tó ṣáájú ni. Àwọn tí ogun ti lé kúrò nílé baba wọn ló para pọ̀ síbẹ̀, olúkúlùkù ìlú kéékèèké pẹ̀lú olóyè tirẹ̀ àti Ògbóni tirẹ̀. Ògbóni ló ń dájọ́, àwọn náà ló ń bójú tó ìsìnkú, ìsìnkú sì máa ń mú owó àti oúnjẹ wọlé fún wọn.

Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1848 ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́, Àfàlá, ìyá Crowther fúnra rẹ̀, sì wà nínú wọn. Kò pẹ́ tí àwọn tó gba ẹ̀sìn tuntun náà fi sọ pé àwọn ò dáwó etùtù mọ́, pé bí àwọn bá kú, kí wọ́n má ṣe sin àwọn ní ìlànà Ògbóni. Nígbà tó di 1849, wọ́n kó wọn ní Ìgbórẹ̀ àti láwọn àdúgbò mìíràn, wọ́n nà wọ́n, wọ́n kan àbà, igi tí wọ́n fi ń de ẹlẹ́wọ̀n, mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ti ka ìtàn Pọ́ọ̀lù àti Sílà nínú túbú á ti bá ọ̀rọ̀ náà, àbà, pàdé nínú Bíbélì. Àwọn ará Abẹ́òkúta ò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

Lójú tèmi, kì í ṣe tìtorí pé wọ́n ń sin Ọlọ́run mìíràn ni Ògbóni ṣe bínú. Ìlú tí òrìṣà pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í bínú sí ọ̀kan lé. Ohun tó ń bí wọn nínú ni pé ẹni tí kò bá wọn dáwó, tí kò bá wọn jẹ, tí kò sì fẹ́ kí wọ́n sin òun, ta ló ni ín? Bí ọ̀tá bá dé, ẹ̀yìn ta ni yóò tò sí?

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1850, ni wọ́n tẹ apá kìíní Bíbélì tí Crowther túmọ̀ sí Yorùbá. Kì í ṣe Jẹ́nẹ́sísì, kì í ṣe Mátíù. Ìwé Róòmù ni, èyí tó sọ ní orí 13 pé kí gbogbo ọkàn tẹrí ba fún àwọn aláṣẹ. Mo máa ń rò ó wò, ẹni tí ojú àbà kò tíì jinná lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tó jókòó sórí ẹní, tó ń fi ìka tọ orí náà.

Ọ̀tá dé lóòótọ́. Ní ọjọ́ 3, oṣù kẹta, 1851, Gezo ọba Dàhòmì kó ogun wá. Àwọn ará Ìsàgà ti ṣe bí ẹni pé wọ́n wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní kó gba ẹnubodè Arò wọlé lọ́sàn-án gangan, wọ́n sì ti ránṣẹ́ sábẹ́lẹ̀ sí àwọn Ẹ̀gbá. Ogun gbóná lórí odi. Ìgbà tí wọ́n tú aṣọ lára àwọn tí wọ́n mú ni wọ́n tó rí i pé obìnrin làwọn jagunjagun tó ń gun odi bọ̀ wá bá wọn, ìtìjú yẹn sì tún dá kún agbára Ẹ̀gbá. Àwọn onígbàgbọ́ wà lórí odi náà pẹ̀lú ìbọn tiwọn. Gezo padà sílé ní ọwọ́ òfo, ẹni tó bá sì tún fẹ́ kan àbà mọ́ onígbàgbọ́ lẹ́sẹ̀ ní láti kọ́kọ́ ṣàlàyé fún aládùúgbò tí wọ́n jọ dúró lórí odi.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, olúkúlùkù wọn ń bá ìlú tirẹ̀ jà ni, Aké, Ìtòkú, Ìgbẹ̀ìn, Òwu. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, wọ́n kóra jọ di ọmọ ogun kan lábẹ́ balógun tiwọn. Ọ̀págun, ọ̀pá àṣẹ tí ogun ìlú máa ń gbé síwájú, ló fà á, mo rò. Wọ́n máa ń bọ ọ́ kí ogun tó jáde, onígbàgbọ́ kò sì lè jẹ nínú ẹbọ náà. Bí wọ́n bá dá dúró lábẹ́ olórí tiwọn, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á sì tẹ̀ lé ogun ìlú lọ. John Òkènlá lẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ní ipò yìí, Balógun Onígbàgbọ́ gbogbo Ẹ̀gbá. Òyìnbó kọ́ ló mú oyè náà wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Oyè ogun Yorùbá ni, pẹ̀lú ọ̀tún àti òsì rẹ̀.

Àwọn míṣọ́nnárì náà ò dá yàtọ̀ sí ìlú tó gbà wọ́n. Nígbà ogun Ìjàyè tó bẹ̀rẹ̀ ní 1860, tí Ẹ̀gbá àti Ìbàdàn kọjú ìjà síra wọn, Townsend gbè sẹ́yìn Ẹ̀gbá, David Hinderer tó wà n'Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ C.M.S. kan náà ló rán àwọn méjèèjì.

Ṣùgbọ́n òyìnbó gba Èkó ní 1861, ojú tí Ẹ̀gbá fi ń wo wọn sì yí padà. Glover, gómìnà òyìnbó l'Ékòó tí ará Èkó ń pè ní Gólóbà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọlọ́pàá sí orí ilẹ̀ tí Ẹ̀gbá pè ní tiwọn. Ní 1865, G. W. Johnson, Sàró (ọmọ àwọn tó padà wá láti Sierra Leone) tó ń ránṣọ, dá Egba United Board of Management, ìgbìmọ̀ ìjọba Ẹ̀gbá, sílẹ̀. Baṣọ̀run Ṣómóyè ni olórí, Johnson ni akọ̀wé, wọ́n sì ń gba owó ibodè lórí ọjà tó ń jáde. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, 13 oṣù kẹwàá 1867, ìlú dìde. Wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kó ilé míṣọ́n, wọ́n ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí Townsend fi ń tẹ Ìwé Ìròyìn, ìwé ìròyìn èdè Yorùbá, láti 1859 jẹ́. Ìfọ́lé ni wọ́n ń pè é títí dòní. Àwọn òyìnbó kúrò nílùú, ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ sì bá wọn lọ, Gólóbà fún wọn nílẹ̀ ní Èbúté-Mẹ́ta.

Àwọn mìíràn kò lọ. Dàhòmì kò tíì jáwọ́, ìlú ṣì nílò àwọn tó mọ ìbọn yìn, a ò sì lè lé Balógun Onígbàgbọ́ sí Èkó bí ẹni lé àjèjì. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí Townsend padà wọ̀lú ní 1875, ìjọ tó bá níbẹ̀ ti lo ọdún mẹ́jọ láìsí òyìnbó, lábẹ́ àwọn àlùfáà dúdú àti Balógun wọn.