Ṣé Dandan Ni Kí Ọlọ́fọ̀ Ròyìn Ohun Tí Ojú Rẹ̀ Rí Kí Ó Tó Gbádùn?

Ìgbàgbọ́ kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn ènìyàn wa, pàápàá bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ tàbí bí àìsàn ńlá bá dá ẹnìkan dúbúlẹ̀: pé kí onítọ̀hún sọ gbogbo rẹ̀ jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pé bí ó bá ti sọ ọ́ tán ni ara rẹ̀ yóò yá, àti pé bí ó bá gbé e mì, yóò di àrùn sí i lára. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò ní inú burúkú. Ẹnu oníwàásù ni àwọn kan ti gbọ́ ọ, orí rédíò ni ti àwọn mìíràn, àtẹ̀ránṣẹ́ WhatsApp tí kò ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́ ni ti àwọn yòókù. Wọ́n á sì fi òwe tì í lẹ́yìn pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òwe náà kò ní àbùkù, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ẹ̀tọ́ tí kò bèèrè ni àwọn àgbà ń pa á fún, kì í ṣe opó tó jókòó sórí ẹní.

Pé ìtàn ń tu ènìyàn nínú, èmi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ẹni tó ti pa àlọ́ ìjàpá rí fún ọmọ tí ibà dá gúnlẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà tó wá jókòó ti ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tó sì sọ bí tòun náà ṣe lọ ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn, kò nílò ìwé ẹ̀rí yunifásítì kí a tó gbà á gbọ́. Ibi tí mo ti ń jiyàn ni ibi tí wọ́n ti sọ ìtura di ìwòsàn, àti ibi tí wọ́n ti sọ ohun tó lè ṣeé ṣe di dandan.

Ẹ wo bí ó ṣe máa ń rí nílé ọ̀fọ̀. Àlejò á wọlé, á ní ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run yóò tu yín nínú. Títí dé ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ dára. Lẹ́yìn náà ni yóò fa àga súnmọ́ ọn, tí yóò rẹ ohùn sílẹ̀ pé, “Ìyá Tádé, kí ló tilẹ̀ ṣe wọ́n gan-an?” Opó náà á bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tí ọkọ rẹ̀ ní àyà ń dun òun, á dé orí ọkọ̀ tí wọn kò tètè rí, á dé ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí wọ́n ti ní kò sí bẹ́ẹ̀dì, á dé ibi tí nọ́ọ̀sì ti jáde wá tí kò lè wo òun lójú. “Ẹ ò wá tètè gbé wọn lọ sí ibòmíràn ni?” ni àlejò á wí. Kò tíì dákẹ́ tí ẹlòmíràn á fi wọlé, tí ọ̀rọ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Bí ẹnikẹ́ni bá wo ojú obìnrin yìí nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tó sì ní ìròyìn náà ń wò ó sàn, a jẹ́ pé ojú tó fi wò ó yàtọ̀ sí tèmi.

Níbo wá ni ìgbàgbọ́ yìí ti rí aṣọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wọ̀? Gbòǹgbò rẹ̀ pọ̀, ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ níwájú àlùfáà sì wà lára wọn, ṣùgbọ́n èyí tí àwọn tó kàwé máa ń fi gbá àyà ni ti ọmọbìnrin kan ní Vienna, olú-ìlú Ọ́sítríà, tí ayé ìṣègùn mọ̀ sí Anna O. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni Bertha Pappenheim. Ilé olówó ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1859. Ní ọdún 1880, bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn, òun ló sì ń ṣọ́ ọ lóru. Kò pẹ́ tí òun náà fi ṣubú sínú àìsàn tó ṣòro í júwe: apá rẹ̀ ọ̀tún rọ, ó ń rí ejò níbi tí kò sí ejò, èdè Jámánì tó jẹ́ èdè ìyá rẹ̀ fò lọ lẹ́nu rẹ̀, ó wá jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń sọ fún ìgbà kan. Dókítà Josef Breuer ni wọ́n pè sí i.

Ohun tí Breuer ṣàkíyèsí ni pé bí òun bá dé ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹnìkan sì mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ kan nínú èyí tí aláìsàn náà ti ń ráhùn rẹ̀ lọ́sàn-án, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìtàn. Àwọn ìtàn náà jọ àlọ́ ọmọdé, wọ́n sì kún fún ìbànújẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin kan tó jókòó ti ibùsùn aláìsàn pẹ̀lú ìpayà lọ́kàn, èyí tí kò nílò babaláwo kó tó yé ni. Bí ó bá ti parí rẹ̀, ara rẹ̀ á rọlẹ̀, á sì balẹ̀. Bàbá rẹ̀ kú ní oṣù kẹrin ọdún 1881, àwọn ìtàn náà sì yí padà, wọ́n di ohun ẹ̀rù. Síbẹ̀, bí ó bá ti sọ wọ́n, ìtura á dé. Ní ọdún 1895, Breuer àti Sigmund Freud, dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gbé ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ náà. Breuer kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìṣòro kọ̀ọ̀kan pòórá nígbà tí aláìsàn ti sọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀, pé ó pẹ́ díẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n pé láti ìgbà náà wá, ara rẹ̀ le koko. Láti inú ìwé yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti tàn ká gbogbo ayé.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀ nìyí, nítorí kì í sábà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pín àtẹ̀ránṣẹ́. Oṣù kẹfà ọdún 1882 ni Breuer ní ìtọ́jú náà parí. Ní ọdún 1972, Henri Ellenberger, tó jẹ́ òpìtàn ìmọ̀ ìṣègùn ọpọlọ, tẹ ohun tó rí nínú àkọsílẹ̀ ilé ìtọ́jú kan ní Kreuzlingen, ní ilẹ̀ Switzerland, jáde. Oṣù keje ọdún 1882 kan náà ni wọ́n gba Bertha Pappenheim síbẹ̀. Ìrora ojú ń yọ ọ́ lẹ́nu gidigidi, morphine, oògùn líle tí wọ́n fi ń pa ìrora, ti di bárakú fún un, Breuer fúnra rẹ̀ ló sì kọ ìròyìn tí wọ́n fi gbà á sílé. Oṣù kẹwàá ló kúrò níbẹ̀, ó sì tún padà sí ilé ìtọ́jú mìíràn nítòsí Vienna ju ìgbà kan lọ ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé e. Ẹni tó kọ ìwé ní ọdún 1895 pé ìtàn sísọ mú ìṣòro kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan kò lè sọ pé òun kò mọ̀ nípa Kreuzlingen. Ó kàn jẹ́ pé Kreuzlingen kò bá ìwé náà mu ni.

Ká tilẹ̀ fi Kreuzlingen sí ẹ̀gbẹ́ kan, ohun tí Breuer fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ ní ìbéèrè nínú. Ìrọ̀lẹ́ dé ìrọ̀lẹ́ ni ọmọbìnrin yìí ń sọ ìtàn, ó sì ju ọdún kan lọ. Bí ìtàn bá ń woni sàn, èéṣe tí ti àná kò fi tó fún òní? Ó dà bí ìgbà tí a bá ń fi aṣọ tútù nu ara ọmọ tó ní ibà: ara á tutù, ọmọ á sùn, inú ìyá á dùn, ṣùgbọ́n ibà ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀, ilẹ̀ á sì mọ́. Ní àwọn ìgbà tí Breuer kò bá sì sí nítòsí, oògùn oorun kan tí wọ́n ń pè ní chloral ni wọ́n ń fún un. Kì í ṣe pé kò sí ẹlòmíràn nílé tó ní etí. Breuer kọ ọ́ pé kò sí ẹni tó lè mú kí ọmọbìnrin náà sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni àyàfi òun. Nígbà náà, kí ló tù ú nínú gan-an? Ṣé ìtàn ni, àbí ẹni tó wá jókòó gbọ́ ọ? Èyí tí a kò bá lè yà sọ́tọ̀ nínú méjèèjì, a kò lè bù ú fún ọlọ́fọ̀ bí ẹni bu àgbo.

Nípa pé ó padà gbádùn, òótọ́ ni. Ó kó lọ sí Frankfurt pẹ̀lú ìyá rẹ̀ ní ọdún 1888, ó ṣe alábòójútó ilé ọmọ aláìlóbìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Júù ilẹ̀ Jámánì sílẹ̀ ní ọdún 1904, ó sì ń ṣiṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ títí tó fi kú ní ọdún 1936. Ó tilẹ̀ tẹ ìwé ìtàn fún àwọn ọmọdé jáde. Ẹni tó bá fẹ́ lè sọ pé ìtàn ló wò ó sàn lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Èmi náà lè sọ pé iṣẹ́ ni, tàbí ọjọ́ orí, tàbí Frankfurt.

Wọn kò dá ọ̀rọ̀ náà dúró sí Vienna. Ní ọdún 1983, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Jeffrey Mitchell, gbé ìlànà kan kalẹ̀ fún àwọn panápaná àti àwọn tó ń gbé ẹni tó fara pa: bí wọ́n bá ti ibi ìjàm̀bá dé, kí wọ́n kóra jọ, kí kálukú sì sọ ohun tó rí àti bí ó ṣe rí lára rẹ̀. Láìpẹ́, wọ́n ń lò ó fún ẹni tí ìjàm̀bá ṣẹlẹ̀ sí gan-an, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lórí bẹ́ẹ̀dì. Ní Wales, Jonathan Bisson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára àwọn tí iná jó, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1997. Lẹ́yìn oṣù mẹ́tàlá, 26 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ròyìn ni ìpayà ìjàm̀bá náà ṣì ń dà láàmú dé ìwọ̀n àìsàn. Láàárín àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ jẹ́jẹ́, 9 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Kí n má ṣàbòsí: iná tó jó àwọn tó ròyìn náà le ju ti àwọn yòókù lọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Richard Mayou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa àwọn tó ní ìjàm̀bá ọkọ̀ fún ọdún mẹ́ta, wọ́n rí i pé láàárín àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ wọ̀ lára jù, àwọn tó ròyìn wà lójú kan náà, àwọn tí kò ròyìn sì ti ń bọ̀ sípò. Ní ọdún 2002, àyẹ̀wò àwọn Cochrane, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí tó ń kó àbájáde ìwádìí ìṣègùn jọ láti gbé e yẹ̀ wò, lórí gbogbo irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ láìfi epo bọ̀yọ̀ pé kí wọ́n dáwọ́ fífi dandan mú ènìyàn ròyìn dúró.

Ó jọ pé àwọn baba wa ti rí apá kan ọ̀rọ̀ yìí. Bí ọdẹ bá kú, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni í sun ìrèmọ̀jé níbi ìpà ọdẹ. Àwọn ni í ro akin rẹ̀ àti ẹran tó pa. Iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ níbẹ̀ kọ́ ni láti dìde ṣàlàyé bí ẹ̀mí ṣe bọ́.

Mi ò ní tìtorí èyí sọ pé ìròyìn sísọ kò wo ẹnikẹ́ni sàn rí, nítorí ẹ̀rí kan wà tí kò jẹ́ kí n lè sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1999, Joshua Smyth àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn tó ní asthma tàbí làkúrègbé kọ ìwé nípa ohun tó dùn wọ́n jù láyé wọn fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, 47 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ara wọn ti dá dé ìwọ̀n tí dókítà lè rí, ti àwọn tó kọ nǹkan mìíràn sì jẹ́ 24. Ẹ kíyè sí i pé gbogbo wọn ni kò dá oògùn wọn dúró. Ní ọdún 2005, Katherine Shear àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àwọn tí ọ̀fọ̀ ti dè mọ́lẹ̀ jàǹfààní nínú ìtọ́jú kan tó ní sísọ bí ikú náà ṣe ṣẹlẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n bíi ìjókòó mẹ́rìndínlógún ni, ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà sì ni. Nítorí náà, bóyá ohun tí a lè sọ kò ju pé ìròyìn lè ṣe àwọn kan láǹfààní, nígbà tí ó bá tó àkókò, lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n gbọ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti “sọ ọ́ jáde, wàá gbádùn” kì í ṣe kékeré.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti àwọn ọmọdé. Ọmọ tó wà nílé nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣubú kì í ṣe ẹlẹ́rìí tí ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ará àdúgbò gbọ́dọ̀ máa pè wá sọ ohun tó rí. Bí ó bá sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ẹ gbọ́ ọ, ẹ má sì tún un sọ fún un. Kí àwọn tó ń gbé aláìsàn síwájú ìjọ láti wá jẹ́rìí kọ́kọ́ bi í níkọ̀kọ̀ bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì má ṣe jẹ́ kí ó rò pé ẹ̀rí tó jẹ́ ti dípò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà. Ẹni tó dákẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú, tó ń jẹun, tó ń sùn, tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ kó dákẹ́. Àìsọ̀rọ̀ kì í ṣe àìsàn. Àmọ́ bí oṣù mẹ́fà bá ti kọjá, tí ìbànújẹ́ náà kò yẹ̀ rárá, tí kò jẹ́ kí onítọ̀hún lè ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka irú ìyẹn sí àìsàn tó ní ìtọ́jú. Bí ó bá sì ń sọ pé òun fẹ́ bá olóògbé lọ, kí wọ́n má retí oṣù kankan. Kí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ọpọlọ lọ́jọ́ náà gan-an, ní Àró ní Abẹ́òkúta tàbí ní ilé ìwòsàn ìjọba tó bá súnmọ́ wọn, kí ẹnìkan sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí wọn yóò fi dé ibẹ̀.