Ìlà Kuznets: ṣé dandan ni kí odò bàjẹ́ kí ìlú tó là?

Tá a bá ń ráhùn ní Òṣogbo pé omi odò Ọ̀ṣun ti pọ́n bí ẹrẹ̀ nítorí àwọn tó ń wa wúrà lápá òkè odò, àwọn kan á ní ká ṣe sùúrù: ká kọ́kọ́ lówó ná, bó bá yá a ó tún àyíká ṣe.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mọ èrò yìí. Ìlà Kuznets ni wọ́n ń pè é. Simon Kuznets, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é, kò sọ̀rọ̀ odò. Ohun tó kọ lọ́dún 1955 ni pé bí orílẹ̀-èdè ṣe ń lówó, àlàfo àárín olówó àti tálákà á kọ́kọ́ fẹ̀, lẹ́yìn náà á dín kù. Lọ́dún 1991 ni Gene Grossman àti Alan Krueger, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì tí wọ́n ń yẹ òwò Amẹ́ríkà pẹ̀lú Mẹ́síkò wò, rí irú rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ àwọn ìlú ńlá. Èéfín ń pọ̀ bí owó ṣe ń wọlé, títí yóò fi dé ibì kan tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀.

Èéfín ni o, kì í ṣe gbogbo ìdọ̀tí. Kì í sì í dédé lọ sílẹ̀: aráàlú ló pariwo, tí ìjọba fi ṣòfin. Èyí tó dùn mí jù ni ti òwò. Orílẹ̀-èdè olówó lè ṣíwọ́ iṣẹ́ tó ń da èérí sílé, kó máa ra ọjà náà lókèèrè. Afẹ́fẹ́ tiwọn á mọ́, èérí á wà lọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Ta ni àwa fẹ́ gbé tiwa fún?

Ẹ wo mẹ́kúrì, irin olómi tó jẹ́ májèlé, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fọwọ́ wa wúrà kárí ayé fi ń yọ wúrà kúrò lára iyanrìn. Kì í jẹrà. Á wọnú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, á wọnú ẹja, ẹni tó bá lóyún á jẹ ẹja náà, ọpọlọ ọmọ inú rẹ̀ á sì fara gbá a. Kò sí owó tó lè wọlé lẹ́yìn ogún ọdún tí yóò tún ìyẹn ṣe. Lọ́dún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fáwọn tó ń bọ̀ wá sọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu omi náà, omi tó gba inú igbó tí UNESCO ti kà mọ́ ogún aráyé láti ọdún 2005.

Kí wọ́n yẹ omi wò kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni níwèé àṣẹ láti wa kùsà, kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù lẹ́yìn náà, kí wọ́n sì lẹ èsì rẹ̀ síbi tí gbogbo wa ti lè kà á.