Ibi tí orílẹ̀-èdè àbíkú ti ṣẹ̀ wá

Bàbá mi kékeré kan wà ní Minna tí etí rẹ̀ òsì ní àpá, bíi pé eku ló jẹ ẹ́ nígbà kan. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ọmọ mẹ́ta ló ti kú ṣáájú rẹ̀, wọ́n sì gé ẹ̀kẹta létí kí wọ́n tó sin ín, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́run má baà gbà á mọ́. Nígbà tí èyí wá dé tòun ti àpá létí, Málọmọ́ ni wọ́n sọ ọ́. Ó ṣiṣẹ́ réluwéè títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó bí ọmọ méje, síbẹ̀ kò sí ìgbà tó bá wá kí ìyá àgbà tí ìyá kì í fọwọ́ kan etí yẹn.

Etí yẹn ni mo rántí nígbà tí mò ń ka ìwé ìtàn Gẹ̀ẹ́sì kan, The Famished Road, nílé mi ní Kubwa, tí mo dé ibi tí ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Adé ti sọ pé àbíkú ni orílẹ̀-èdè wa: ó ń wá, ó ń lọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan yóò pinnu láti dúró. Ọ̀rọ̀ yẹn ti tàn kálẹ̀. Àwọn olùkọ́ yunifásítì ń sọ ọ́, àwọn oníwèé ìròyìn ń kọ ọ́, ẹni tí kò fojú kan ìwé náà rí pàápàá ń sọ ọ́.

Minna kan náà ni wọ́n ti bí Ben Okri tó kọ ìwé náà, ní 15 oṣù kẹta ọdún 1959, níbi tí ojú irin Lagos ti pàdé ojú irin tó ti Baro lọ sí Kano. Urhobo ni bàbá rẹ̀, Igbo ni ìyá rẹ̀. Inú wa máa ń dùn láti pè é ní ọmọ Minna, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ pé ibẹ̀ ló ti kọ́ nípa àbíkú. Ó ṣì kéré jọjọ nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí London. Lẹ́yìn tó padà wálé, ó gbé Lagos, ó kàwé ní Warri, kò sì sí èyí tí wọn kì í sọ̀rọ̀ ọmọ tó ń kú tó ń padà wá nínú wọn. Igbo náà ní ọgbanje tiwọn.

Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ nípa àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, ọmọ ń kú nílé, wọ́n sì ń wá ohun tí wọ́n máa ṣe. Wọ́n so ṣaworo mọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀. Wọ́n gé e níka tàbí létí. Wọ́n pe babaláwo títí àbíkú fi sọ olóògùn dèké. Àwọn orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n gan-an ló máa ń ká mi lára jù. Ẹ̀bẹ̀ ni Dúrójayé. Ìhàlẹ̀ ni Kòsọ́kọ́: kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ fún ọ mọ́, bí o bá lọ, igbó la ó sọ ọ́ sí. Ọ̀nà méjì tí àgbàlagbà mọ̀ láti dá ẹni tó fẹ́ lọ dúró nìyẹn, kó bẹ̀ ẹ́ tàbí kó dẹ́rù bà á.

Àwọn akéwì gbé e wọnú ewì Gẹ̀ẹ́sì. J. P. Clark bẹ àbíkú nínú ewì rẹ̀ pé kó wọlé kó jókòó, torí ó ti rẹ ìyá, ọmú rẹ̀ sì ti ń kan. Nínú ti Wọlé Ṣóyínká, tó wà nínú Idanre ọdún 1967, àbíkú fúnra rẹ̀ ló ń fọ́nnu pé ẹ̀gbà ẹsẹ̀ àti oògùn yín ò ràn mí. Inú ìwé Ṣóyínká yìí náà ni ọ̀nà tí ebi ń pa, tí Okri fi sọ ìwé rẹ̀ lórúkọ, ti jáde. Àdúrà ilé wa sì ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní gáréèjì Jabi, mo rí ìyá kan tó sin ọmọ rẹ̀ wá wọkọ̀ Àkúrẹ́. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní, “Ẹ ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.” Ebira ni dírẹ́bà, ṣùgbọ́n ó bọ́ fìlà, ó ṣe àmín.

Ti bí ìtàn ṣe ń rìn, Fágúnwà ti lànà láti ọdún 1938, Tutùọlá sì tẹ̀ lé e ní 1952: èèyàn há sáàárín iwin, ọ̀nà ń lọ́, ìtàn ń bí ìtàn. Àwọn ọ̀mọ̀wé a máa pe irú rẹ̀ ní postmodern, ìyẹn ìtàn tí kò tẹ̀ lé ìlànà àtijọ́, tó bá ti kan Okri. Mo gbà fún wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó ti jókòó gbọ́ àlọ́ rí kò ní sọnù nínú ìwé yẹn.

Okri wá fi tirẹ̀ kún un. Azaro, ọmọ tó ń sọ ìtàn náà, já ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun ò lọ mọ́. Kò sí ẹni tó gé e létí tó fi pinnu bẹ́ẹ̀. Ó ní nígbà mìíràn òun a máa rò pé ojú kan ló dá òun dúró, ojú obìnrin tí ìyà ti jẹ, tí yóò di ìyá òun, tí òun sì fẹ́ kó láyọ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òṣèlú inú ìwé náà dúró lé. Ìdájọ́ ti wá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ, ohun tó bá sì rí lójú ìyá ni yóò fi dá a.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ sí ìyá náà? Òmìnira ti ń bọ̀. Ẹgbẹ́ olówó gbé lọ́rì wá sí àdúgbò, wọ́n ń pín mílíìkì fáwọn tálákà. Gbogbo ẹni tó mu ún ló ń bì. Bàbá Azaro náà pa àlọ́ Ọba Ọ̀nà fún un, òmìrán tó ń jẹ ẹbọ tí kò yó, tó jẹ ara rẹ̀ títí ó fi ku ikùn nìkan, tí òjò sì yọ́ ikùn náà wọ inú gbogbo ọ̀nà ayé. Ẹni tó bá gbé nílẹ̀ yìí mọ òmìrán yẹn.

Oṣù kẹwàá 1991 ni ìwé náà gba Booker, ẹ̀bùn ìwé ìtàn Gẹ̀ẹ́sì, ní London. Ní 12 oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà, ìjọba àpapọ̀ kó kúrò ní Lagos wá sí Abuja, wọ́n sì ń múra sílẹ̀ fún ìjọba alágbádá kẹta. Ní 1993, wọ́n fagi lé ìdìbò 12 oṣù kẹfà. Ọmọ yẹn náà lọ.

Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ Adé fún bàbá mi kékeré nígbà tí mo lọ kí wọn ní Minna. Mo sọ ti ojú ìyá náà fún wọn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ ra etí wọn.

“Orílẹ̀-èdè tí ẹ ń wí yìí,” ni wọ́n béèrè, “ta ni ìyá rẹ̀?”